Ahọ́n Tiwalọlá

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Tiwalọlá fi jẹun bí ẹni ń jẹ páálí. Ẹ̀bà, ìrẹsì, ẹran àgùntàn, ọsàn, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí èkejì lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ibà kan ló kì í mọ́lẹ̀ ní oṣù kọkànlá, pẹ̀lú ọ̀fìnkìn tó dí i nímú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó kó òórùn àti adùn lọ, kò sì ṣẹ́ nǹkan kan kù fún un àfi ata. Ata ṣì ń ta á lẹ́nu, ṣùgbọ́n dókítà ti là á yé e pé ata kì í ṣe adùn, títa lásán ni, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn. Dókítà yìí kan náà ló sọ pé adùn lè padà, ó sì lè má padà. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ọmọ ọdún mẹ́fà lè sọ irú rẹ̀ láìlọ sí yunifásítì.

Ká ní iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe ni, ì bá máa jẹ páálí rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, kó sì máa ran aṣọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ahọ́n ni Tiwalọlá fi ń ṣiṣẹ́. Òun ni olórí alásè ní ilé oúnjẹ Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu ní Fate, ní Ìlọrin, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi wáìnì òkè òkun jẹun. Kó tó dé Ìlọrin, ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àbújá, lábẹ́ obìnrin ará Ítálì kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Obìnrin yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ wáìnì wò: kéèyàn kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, kó bu díẹ̀ sẹ́nu, kó yí i káàkiri, kó tu ú dànù, kó sì sọ ohun tó bá níbẹ̀ láìpurọ́. Ní gbogbo ọdún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn, Tiwalọlá kì í jẹ ata láàárọ̀, kì í mu kọfí, kì í fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, kí imú àti ahọ́n rẹ̀ lè mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè é ní Sísítà Aláìjata. Nígbà tó yá, wọ́n á fi aṣọ di ojú rẹ̀, wọ́n á to ife mẹ́fà síwájú rẹ̀, á sì pe wáìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórúkọ.

Èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni wáìnì pupa kan tí wọ́n ń pè ní Chianti, láti àgbègbè olókè kan ní Ítálì. Kì í ṣe ọtí dídùn o. Ẹni tó bá ń wá ṣúgà, kó gba ọ̀dọ̀ oní-mínírà lọ. Wáìnì yìí máa ń ta ẹ̀gbẹ́ ahọ́n díẹ̀, ó máa ń korò díẹ̀, ó sì máa ń mú kí ẹnu fún bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ èso kajú. Òórùn rẹ̀ jọ ti àgbálùmọ̀ tó pọ́n, ewé tòmátò téèyàn fọwọ́ ra wà nínú rẹ̀, àti awọ tuntun, bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Bí a bá mu ún lásán, a lè máa rò ó pé kí ni wọ́n ń pariwo rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ká fi ẹran sísun àti ọbẹ̀ tòmátò tì í lẹ́yìn: tòmátò á mú un rọlẹ̀, ọ̀rá ẹran á tú ẹnu tó fún, àwọn méjèèjì á sì di ọ̀rẹ́. Ẹja ni kò bá a rẹ́ rárá. Ẹni tó bá fi ẹja mu ún, ẹnu rẹ̀ á dà bí ẹni tó lá irin. Wàrà díndín ni Tiwalọlá fúnra rẹ̀ rò mọ́ ọn nígbà tó dé Ìlọrin, wàrà tí wọ́n dín títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi le, tí inú rẹ̀ sì rọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi í mu Chianti, ó dá rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná.

Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, kò sọ fún Láníyọnu. Tìmílẹ́hìn ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní àdúgbò Ṣàngó, nìkan ló mọ̀. Ṣíbí ló fi ń wọn iyọ̀. Gbogbo oúnjẹ rẹ̀, láti inú orí ló ti ń sè é, bí ẹni ń ka sáàmù tó ti há sórí tipẹ́. Bí wọ́n bá sì ti kó abọ́ òfìfo padà wá, ara rẹ̀ á balẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Láníyọnu kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Challenge, ní Ìlọrin níbí, fún ogún ọdún kó tó di ọlọ́tí, ohun tó sì mọ̀ nípa wáìnì kò kún ṣíbí. Ó gbọ́ níbì kan pé bí wáìnì bá ṣe ń dàgbà ló ṣe ń níyì, ó sì di èyí mú bí ìgbàgbọ́. Nígbà tó tún ra Chianti rẹpẹtẹ lọ́dún tó kọjá, ó kó gbogbo rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́ ní Challenge, lábẹ́ páànù, kó lè máa dàgbà níbẹ̀.

“Ọ̀gá, ibi tó tutù ni wọ́n ń kó o sí,” Tiwalọlá wí fún un nígbà náà.

“Tiwalọlá, kí ni ibi tútù ń mú gbó? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá wà nínú fíríìjì, ṣé ó máa ń pọ́n?”

Ó rò ó pé òun á tún un sọ. Àfi bí ibà ṣe dé, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ wáìnì mọ́, kí wọ́n má baà ní kó tọ́ nǹkan wò níṣojú wọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Wáìnì sì jókòó sábẹ́ páànù láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Ìlọrin ń bó èèyàn láwọ.

Ní oṣù kẹta náà ni Láníyọnu pe èèyàn méjìlá sí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Tiwalọlá á se oúnjẹ, á sì dúró níwájú wọn láti sọ bí Chianti ṣe rí lẹ́nu àti ohun tó yẹ kí wọ́n fi mu ún. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti kó páálí méjì wá láti Challenge. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, ó dá wà ní ilé ìdáná, ó ṣí ìgò àkọ́kọ́. Láti oṣù kìíní ni kò ti fi wáìnì kan ẹnu mọ́, nítorí ìgbà tó tọ́ ọ wò kẹ́yìn, ńṣe ló sunkún. Ṣùgbọ́n obìnrin ará Ítálì yẹn ti kọ́ ọ pé èèyàn kì í gbé ohun tí kò tíì tọ́ wò fún àlejò. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó gbé e sẹ́nu.

Nǹkan kan ta á.

Ó dúró gbagidi. Ó tún bù ú sẹ́nu. Ó ta á ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ọ̀tún àti òsì, ó sì ta á títí dé imú. Tiwalọlá jókòó sórí páálí wáìnì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sì fa fóònù yọ.

“Bàbá Jọmí! Ó ti padà!”

“Kí ló padà?” Tìmílẹ́hìn bi í.

“Ẹnu mi! Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ó ń ta mí ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, bó ṣe máa ń ṣe gan-an.”

“Yéè! Ọlọ́run, a dúpẹ́ o. Àgbálùmọ̀ tí ẹ máa ń sọ ńkọ́?”

“Ìyẹn ò tíì dé. Títa yẹn ló máa ń kọ́kọ́ dé.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀,” ó dáhùn, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Jọmílójú ọmọ wọn gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó bèèrè bóyá mọ́mì òun ti mọ adùn súìtì báyìí. Tiwalọlá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àlùbọ́sà, ó sì ń kọrin. Ó ti pẹ́ tó ti kọrin lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó di aago méjì, àwọn àlejò ti jókòó. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìkìrun ni, àwọn tó ti fi Ìlọrin ṣe ilé. Dókítà méjì wà nínú wọn, ọ̀gá báńkì kan wà níbẹ̀, Lọ́yà Martha ló sì jókòó síwájú, ìyá tó jẹ́ pé bó bá ti rẹ́rìn-ín, gbogbo tábìlì á rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu Chianti sí ife wọn. Tiwalọlá dúró, ó so ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì sọ̀rọ̀.

“Ẹ má tíì mu ún o. Ẹ jẹ́ kí imú yín kọ́kọ́ rí i. Àgbálùmọ̀ lẹ máa gbọ́, èyí tó pọ́n dáadáa. Ewé tòmátò á tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ ra á lóko. Tó bá dẹ́nu yín, á ta yín ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, lẹ́yìn náà ẹnu yín á fún bí ẹni jẹ kajú. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ yára fi ẹran yìí tì í, pẹ̀lú ọbẹ̀ tòmátò, ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.”

Kò tíì sọ̀rọ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ geerege, nítorí ó gbà pé ohun tí òun ń sọ ń padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé ife sẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà di ojú pọ̀ bí ẹni mu àgbo. Ọ̀gá báńkì hú ikọ́. Tiwalọlá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé ẹnu tó fún yẹn náà ni.

Gbogbo wọn ń wo Lọ́yà Martha.

“Haa!” ni Lọ́yà Martha wí. “Àgbálùmọ̀! Mo gbọ́ ọ gan-an!”

“Ewé tòmátò yẹn gan-an ló wọ̀ mí lára,” ọ̀gá báńkì wí, ó sì yára ki ẹran bọ ẹnu.

“Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu, ẹ kú ìnáwó o!” ni ẹlòmíràn ké.

Láníyọnu ń tàn bí iná mànàmáná. Tiwalọlá wọ ilé ìdáná lọ dín wàrà, ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni Asabe gbà wọlé. Obìnrin Fúlàní tó ń gbé wàrà wá láti abúlé kan lẹ́yìn ìlú ni, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é, Ìyá Naeem. Ó gbé igbá wàrà kejì tí wọ́n ní kó gbé wá dání.

“Sàláámù àlékùn. Ìyá Jọmílójú, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ìyá Naeem, ẹ káàbọ̀! Ẹ gbé e síbẹ̀ yẹn. Ẹ ò mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi lónìí.”

Asabe kò tíì gbé igbá sílẹ̀. Ó ń fa imú. “Kí ló kan nínú ilé yìí?”

“Kí ló kan báwo?”

“Nǹkan kan ti kan. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àyà mi já, mo ní ṣé kì í ṣe wàrà mi.” Ó tẹ̀ ba igbá rẹ̀, ó fa imú sí i, ó mi orí pé rárá. Imú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé títí tó fi dé ìdí àwọn ìgò tó wà lórí tábìlì. “Èyí ni. Wàláhì, ó ti kan.”

“Wáìnì ni, Ìyá Naeem. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.”

“Kì í ṣe bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣebí ojú mi lẹ ti máa ń ṣí i? Mi ò mu ọtí rí, Ọlọ́run má jẹ́ kí n mu ún, àmọ́ mo ní imú. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni ìyá mi ti ń gbé igbá sí mi nímú, á ní, Asabe, èyí ńkọ́, ṣó ṣì dáa àbí ó ti lọ? Èyí ti lọ. Ooru ló pa á. Bí ooru ṣe ń pa wàrà náà nìyẹn, á kàn máa ta èèyàn nímú ṣáá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn, títa, ló bá Tiwalọlá ní àyà. Òróró ń hó lórí iná. Ó pa iná. Ìgò Chianti kan ṣoṣo ló kù nínú fíríìjì, láti inú páálí ìṣáájú tí kò dé Challenge rí. Ó gbé e jáde. Asabe bá a di ìdí ìgò mú bó ṣe ń ṣí i, tòun ti pé ó ń fa ara sẹ́yìn. Tiwalọlá bu ún sínú ife tó mọ́, ó gbé e sí imú. Ó fa èémí títí tí àyà rẹ̀ fi kún.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó bù ú sẹ́nu, ó yí i káàkiri bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó dúró, ó ń retí. Ó tutù, ó sì rin. Kò mọ ohun mìíràn nípa rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó bù ú lẹ́ẹ̀kẹta, títí ó fi mọ̀ pé òun ń tan ara òun.

“Ìyá Naeem, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ òórùn èyí.”

“Àsìtàgàfírúlái,” Asabe wí, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú Tiwalọlá, ó ká ìborùn rẹ̀ kúrò lẹ́nu, ó tẹ̀ síwájú, ó sì fa imú lẹ́ẹ̀kan. “Hẹn-ẹn. Èyí dáa. Èyí ò ṣe nǹkan kan.”

“Báwo ló ṣe rí?”

“Ó dà bí èso kan. Bí àgbálùmọ̀ tó ti wà nínú oòrùn díẹ̀.” Ó tún fa imú. “Ewé náà wà níbẹ̀. Bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ mi tí mo bá ń já tòmátò lóko bàbá Naeem.”

“Kí ló tún wà níbẹ̀?”

“Awọ, bí awọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sóòrùn. Ìyá Jọmílójú, kí ló dé tí ẹ ń bi mí? Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ọ ni?”

“N kò gbọ́ nǹkan kan,” ni Tiwalọlá wí. “Láti oṣù kọkànlá ni n kò ti gbọ́ nǹkan kan. Èyí tó ti kan yẹn ló ta mí láàárọ̀ yìí, mo sì pe ọkọ mi pé ara mi ti yá.”

Asabe fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní Ọlọ́run á fún un ní àláfíà, ó sì fi ọwọ́ tó ń rùn wàrà di ọwọ́ rẹ̀ mú, òórùn tí Tiwalọlá kò lè gbọ́.

Ibẹ̀ ni Láníyọnu bá wọn. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. “Wọ́n tún ń bèèrè ìgò mìíràn! Tiwalọlá, ó pa wọ́n!”

“Ọ̀gá, wáìnì yìí ti bàjẹ́. Ooru Challenge ti pa á. Ọtí kíkan là ń fún wọn mu.”

Láníyọnu ti ilẹ̀kùn. Ó gbé ife kan, ó mu ún tán, ó lá ètè. “Èmi ò mọ ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀ o. Lọ́yà náà mu ife méjì.”

Bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí. Wọ́n tọ́ gbogbo àwọn àlejò náà dáadáa, ìyẹn gan-an ni ìṣòro wọn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wọn, èèyàn kì í jókòó sí pàlọ̀ onílé kó máa sọ pé ohun tí onílé gbé kalẹ̀ kò dára. Èèyàn á gbé e mì, á sì kí i kú ìnáwó.

“Ọ̀gá, èmi náà ò mọ̀ ọ́n,” Tiwalọlá wí. Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ibà dé orí ṣíbí iyọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́ olè. Nígbà tó parí, ó tẹ orí ba, ó ń dúró kó lé òun.

Láníyọnu gbé ife ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Láti oṣù kọkànlá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O sì ń se oúnjẹ fún wọn láti ìgbà náà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ṣé ẹnì kan sọ pé kò dùn?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa. Nu ojú rẹ. Ta ló fẹ́ lé ọ? Ìwọ ni mo fi ń yangàn.” Ó fọwọ́ gbá a léjìká, tìfẹ́tìfẹ́. Ó káàánú rẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ló sì burú jù. “Ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n wá gbọ́, o sì sọ ọ́ lónìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́yà ní ká tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀, òun á kó àwọn ọ̀rẹ́ òun wá. Ṣáà máa bọ̀, wọ́n ń retí rẹ.” Ó gbé ìgò méjì nínú èyí tó ti kan, ó sì jáde.

Tiwalọlá dúró síbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló ti fi ń bẹ̀rù pé ọjọ́ kan ni wọ́n máa mọ̀. Báyìí ló wá yé e pé wọn ò lè mọ̀ láé, nítorí nígbà tí ahọ́n yẹn wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an, wọn ò mọ̀ pé ó wà. Ọdún mẹ́sàn-án tí kò fi jẹ ata láàárọ̀, òun nìkan ló jẹ èrè rẹ̀, òun nìkan náà ló sì ṣòfò rẹ̀. Nínú gbogbo ilé yẹn, obìnrin kan ṣoṣo ni ì bá jẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ kò sì jẹ́ kó mu ọtí. Ó rò ó pé òun á ṣì pe Tìmílẹ́hìn padà, àárẹ̀ sì mú un kó tó fọwọ́ kan fóònù.

“Àǹtí dà?” Lọ́yà Martha ké láti ìdí tábìlì. “Ẹ wá sọ ti èyí fún wa o, a ò tíì mu ún!”

Ó fi etí aṣọ ìdáná nu ojú. Asabe yẹra fún un lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó dé iwájú wọn, àwọn méjèèjìlá ti gbé ife wọn sókè, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, wọ́n ń dúró kó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ mu fún wọn. Ó sì sọ ọ́, láti orí àgbálùmọ̀ dé orí ewé tòmátò.